Ibi Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Nínú Ìwé Orin Maestro

Olúṣẹ̀san kò jalè, kò sì lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ẹ bá rí bó ṣe ń gbọ̀n lọ́sẹ̀ yẹn, bó ṣe ń ta gìrì bí fóònù bá ti dún, ẹ máa rò pé ó ti pààyàn ni. Iṣẹ́ rere ló ṣe. Irú iṣẹ́ rere tí ẹnikẹ́ni kò bẹ èèyàn, téèyàn á kàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nítorí ó dá a lójú pé òun mọ̀ ọ́n ju olóhun lọ. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, àwọn baba wa ti wí i tipẹ́, àmọ́ ta ló ń rántí òwe nígbà tí orí bá ń wú u?

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Abu Shagara, ní Sharjah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni. Ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń yan ṣàwámà wà lápá òsì, tó fi jẹ́ pé ìwé ìpè ìgbéyàwó tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń rùn bí ẹran yíyan díẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan tó ń jẹ́ Shaji ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Shaji kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ẹni tí visa ẹni bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ni. Bó fajú ro, ẹ̀rù ni. Visa Olúṣẹ̀san máa parí lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yẹn. Shaji ti ní òun máa tún un ṣe, "No problem, habibi," àmọ́ kò tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Bí kò bá fọwọ́ sí i, Abẹ́òkúta ló kù, níbi tí Gbémi ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì ti gbójú lé e.

Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù tòun ti páálí kan tó gbá mọ́ àyà. Larisa lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Rọ́ṣíà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní fàyólíìnì ní Dubai, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ olórin kan tó ní ogójì èèyàn, àwọn àjèjì bíi tiwa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń fi ohun èlò orin pa ìrònú rẹ́ tó bá di Sátidé. Símfónì tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ kọ ló wà nínú páálí náà, ìyẹn orin gígùn tí gbogbo ohun èlò máa ń jọ lù, tí wọ́n máa ń jọ fọn, láìsí ẹni tó ń fẹnu kọrin. Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni bàbá náà. Veniamin Sorokhtin lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Maestro ni gbogbo èèyàn ń pè é. Símfónì mẹ́jọ ló ti kọ nílé, ìkẹsàn-án rèé. Larisa fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì yọ ìwé olórin kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún un.

Shaji wo àwọn ẹyin dúdú tó tò sórí ìlà títí. Nígbà tí kò rí orí, tí kò rí ìdí, ó nàka sí Olúṣẹ̀san.

"This one is church organ man," ló wí. "He know everything."

Irọ́ kọ́ ni Shaji pa, àsọdùn ni. Olúṣẹ̀san mọ orin. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ti wọ ẹ̀wù akọrin ní ìjọ Áńgílíkà kan ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Bàbá Obadiah tó ń tẹ dùùrù níbẹ̀. Òfin kan wà tí Bàbá Obadiah fẹ́ràn ju Òfin Mẹ́wàá lọ: bí ohùn méjì bá fi ìṣísẹ̀ márùn-ún jìnnà síra, wọn kò gbọ́dọ̀ jọ gbéra lọ síbòmíràn pẹ̀lú ìjìnnà yẹn kan náà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà. Bí wọ́n bá jọ rìn bẹ́ẹ̀, á dún gbẹrẹfu, bí ilé tí wọn kò rẹ́. "Ìrìn òmùgọ̀" ni bàbá náà ń pè é. Gbogbo ìrìn òmùgọ̀ tí ọmọ akọrin bá kọ sínú ìwé, rúlà kan lórí ìka. Olúṣẹ̀san jẹ rúlà yẹn títí tó fi yege ìdánwò orin, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lógiri lókè bedspace rẹ̀, ìyẹn ibùsùn tó háyà, títí dòní, níbi tí àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kò ti ní ṣàì rí i.

Ojú ìwé keje ló ti kọ́kọ́ rí i nínú iṣẹ́ Maestro. Ìrìn òmùgọ̀, gbangba gbàǹgbà, láàárín fàyólíìnì àti fèrè! Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọwọ́ àgbà ti ń gbọ̀n," ló wí, ó sì sún ẹyin ohùn kan sókè lórí kọ̀ǹpútà. Ó dún dáadáa. Ó dún bí orin ìsìn. Lẹ́yìn ojú ìwé bíi mẹ́rin, ó tún rí òmíràn. Nígbà tí yóò fi parí iṣẹ́, ibi mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti bá bàbá náà tún ṣe. Kò sọ fún Larisa, kò sì kọ ọ́ síbì kankan, nítorí kò fẹ́ dójú ti àgbàlagbà. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ Yorùbá nìkan ló lè ba iṣẹ́ àgbà jẹ́ kí ojú má baà ti àgbà.

Gbémi nìkan ló sọ fún, lórí fóònù, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ṣé àwọn ló ní kẹ́ ẹ bá àwọn tún un ṣe?" ni Gbémi béèrè.

"Gbémi, o ò mọ nǹkan kan nípa orin."

"Òótọ́ ni, mi ò mọ̀ nípa orin," ni Gbémi fèsì. "Ẹ̀yin ni mo mọ̀."

Lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé tí ẹgbẹ́ olórin máa kọ́kọ́ fi orin náà dánra wò, Shaji rán Olúṣẹ̀san pé kó gbé àwọn ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ lọ fún Larisa nílé rẹ̀ ní Jumeirah Village Circle, ní Dubai. Páálí àfọwọ́kọ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Larisa gbà á, ó dúpẹ́, ó sì sáré jáde lọ kọ́ ọmọ kan lẹ́kọ̀ọ́. Maestro, tó ń bá ọmọ rẹ̀ gbé, ló ní kí Olúṣẹ̀san jókòó mu tíì. Bàbá tín-ín-rín ni, ó wọ súwẹ́tà nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì da jáàmù sínú tíì tirẹ̀ dípò ṣúgà. Olúṣẹ̀san náà da jáàmù sí i, kó má baà dà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mu.

Gẹ̀ẹ́sì bàbá náà ń já lójú ọ̀nà, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé èèyàn.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo kọ símfónì àkọ́kọ́," ló wí. "Nígbà yẹn, ìjọba ló ń pinnu orin tí wọ́n á lù. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí yàrá kan. Ọkùnrin márùn-ún jókòó sẹ́yìn tábìlì, ìwé orin mi wà níwájú wọn, wọ́n ti fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí i. Ní abúlé ìyá mi, bí àwọn obìnrin bá ń sin òkú, wọ́n máa ń kọrin lóhùn méjì tí yóò jọ máa rìn. Bí ọ̀kan bá lọ, ìkejì á lọ, ọ̀kan kì í fi ìkejì sílẹ̀. Ó le létí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo fi sínú símfónì náà. Àwọn ọkùnrin yẹn ní kò dára. Wọ́n ní àṣìṣe ni, kí n tún un ṣe."

"Ṣé ẹ tún un ṣe, sà?" Olúṣẹ̀san ti gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi kan kọ̀, kò tún tirẹ̀ ṣe. Kò sí ẹgbẹ́ olórin tó tún jẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìlú jíjìnnà kan tó tutù ló ti ń bá wọn tún dùùrù ṣe títí tó fi kú. Ẹ̀rù bà mí. Mo tún un ṣe." Bàbá náà fi ṣíbí ro tíì rẹ̀. "Nígbà tó kan ìkejì, wọn kò ní láti pè mí mọ́. Mo ti ń tún un ṣe nínú orí mi kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ."

Ó gbé ọwọ́ lé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, èyí tí Larisa fi sílẹ̀ lórí tábìlì. "Èyí, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Ó yẹ kí Olúṣẹ̀san sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó sì jáde ni pé tíì náà dùn. Nígbà tó bọ́ síta, oòrùn ń jó, àmọ́ òtútù ló ń mú un. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e padà sí Sharjah, kò ro nǹkan mìíràn ju bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe tú lọ: bàbá á gbọ́ orin lọ́jọ́ Sátidé, Larisa á pe Shaji, Shaji á ní khalas, ìyẹn ni pé ó ti tán, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n á pé, ó parí. Bí fóònù ẹni tó jókòó tì í ṣe dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò jáde lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tí ìjọ wọn ń ṣe ìsìn níbẹ̀, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, ó fa Gabriel sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Gabriel ń kọ ohùn báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Deira tí wọ́n ti ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, who go hear am?" ló wí. "Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Forty people á máa fọn, wọ́n á máa ha, ẹ wá ń sọ pé bàbá á gbọ́ thirty-one notes nínú gbogbo ariwo yẹn? Abeg. Ẹ jẹ́ kí visa yín jáde first. A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀."

"Wọ́n máa gbọ́ ọ, Gabriel. Wọ́n ti ń retí ẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ẹ sọ pé kọ̀ǹpútà ni. Computer no get visa."

Ìmọ̀ràn náà dára, ó sì wu Olúṣẹ̀san láti gbà á. Àmọ́ nígbà tó padà sídìí dùùrù fún ìsìn kejì, tó bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn tó ti ń tẹ̀ láti kékeré, ó gbọ́ nǹkan tí kò gbọ́ rí. Ohùn kọ̀ọ̀kan ń yà fún ìkejì bí òfin ṣe wí. Bí ọ̀kan bá gòkè, ìkejì á sọ̀ kalẹ̀ kíá, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú ẹnìkan. Ìka rẹ̀ kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ìyá ìjọ bojú wẹ̀yìn wò ó.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé páálí àfọwọ́kọ Maestro láti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Deira, sí gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ kan tí ẹgbẹ́ olórin náà ti máa ń pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà kó padà. Nígbà tó dé, àwọn olórin ti jókòó, wọ́n ń tún okùn fàyólíìnì wọn ṣe, ìwé tó tẹ̀ sì wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó funfun nini. Maestro wà ní ìlà iwájú nínú kóòtù dúdú, wọ́n ti ya irun rẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí wọ́n ń mú lọ ṣèrìbọmi.

Olúṣẹ̀san kò mọ ìgbà tó dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ gbàgà níwájú ọmọ Rọ́ṣíà. Bàbá náà rò pé ó ṣubú ni, ó ń wá bí yóò ṣe fà á dìde.

"Ẹ dárí jì mí, sà," ló wí láti ilẹ̀. "Mo fọwọ́ kàn án. Ibi mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo rò pé àṣìṣe ni."

Larisa fa odidi ìwé orin tí wọ́n tẹ̀ yọ níwájú rẹ̀. "Ta ló rán ọ níṣẹ́?" ló ń pariwo. "Ta ló ní kí o ronú?" Ó ti yọ fóònù, nọ́ńbà Shaji ló ń wá. Maestro kò pariwo. Ó béèrè awò ojú rẹ̀. Ó ní kí Olúṣẹ̀san fi ibi mọ́kọ̀ọ̀kànlélọ́gbọ̀n han òun, ó sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Olúṣẹ̀san ń retí ìgbátí. Ìgbátí ì bá dára.

Ohun tó rí ni pé ojú bàbá náà funfun. Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ etí ìwé náà tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Ó dára," ni Maestro wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Ó dára báyìí. Ó tọ̀nà. Èmi ni mo ṣì í. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Maestro, kò sí ohun tí ẹ ṣì. Èmi ni mo..."

"Má sọ fún mi ẹni tó rán ọ."

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà!"

"Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn," ni bàbá náà fèsì. "Ẹ fi sílẹ̀. Ó sàn bẹ́ẹ̀."

Larisa wo bàbá rẹ̀, ó sì rọra sọ fóònù kalẹ̀. Bí bàbá bá ti ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí ló kù? Ó ní kí Olúṣẹ̀san lọ jókòó. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Shaji kò ní gbọ́, visa á jáde, àwọn ọmọ á máa lọ sílé ìwé wọn, Gabriel á sì sọ pé ṣé òun kò wí bẹ́ẹ̀. Olúwa ló tún ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún un báyìí, ìjókòó ló kù kó jókòó.

Kò lè jókòó. Ọwọ́ tó ń tẹ́ ìwé yẹn ni kò jẹ́ kó lè jókòó. Ọkùnrin márùn-ún ló wà lẹ́yìn tábìlì lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, òun, Olúṣẹ̀san ọmọ Abẹ́òkúta, akọrin Ọlọ́run, ló sì wá di ìkẹfà wọn, tìwé ẹ̀rí tìwé ẹ̀rí. Ojú tì í ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà á lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

"Mádáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá pẹ́ńsù," ló wí.

"Bàbá mi ti sọ̀rọ̀," ni Larisa wí. "Bí o bá fọwọ́ kan ìwé kan nínú àwọn ìwé yìí, màá pe ọ̀gá rẹ, o ò sì ní ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́."

Olúṣẹ̀san ṣí páálí, ó kó àfọwọ́kọ jáde, ó gbé ojú ìwé keje síwájú Larisa. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ẹni tó jókòó síwájú nínú àwọn fàyólíìnì, ó tọrọ pẹ́ńsù, ó tẹ̀ba, ó sì fa ẹyin ohùn kan padà síbi tí Maestro kọ ọ́ sí. Ìlà náà wọ́. Ó bọ́ sórí ìwé ẹnì kejì. Ó bọ́ sórí ìkẹta.

Larisa kì í ṣe ẹni tó ń halẹ̀ lásán. Ó pe Shaji níbẹ̀, gbogbo wọn gbọ́ ohun tó sọ. Lẹ́yìn tó pè é tán ló tó wo ojú ìwé keje tó wà níwájú rẹ̀, tó rí ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ níbi tí kò ti gbọ̀n rárá, tí bàbá náà tẹ ẹyin ohùn méjèèjì mọ́lẹ̀ dúdú kirikiri, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà. Òun náà lọ wá pẹ́ńsù tirẹ̀.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Fóònù Olúṣẹ̀san mì lápò rẹ̀, ó mì títí, kò gbé e. Nígbà tó ku ibi mẹ́ta, lórí ìwé ọmọ Filipíínì tó ń fọn fèrè ńlá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Ó yọ ọ́ wò. "Khalas," ni Shaji kọ. "Monday don't come." Olúṣẹ̀san kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó di orí àga ọmọkùnrin náà mú. Ó ń ro bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Gbémi. Lẹ́yìn náà ló nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì tún ibi mẹ́ta tó kù ṣe.

Larisa gbé ọwọ́ sókè. Orin bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Olúṣẹ̀san dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maestro, nítorí kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Bàbá náà tẹ orí ba, ó di ọwọ́ àga méjèèjì mú, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti já. Fàyólíìnì gbé e, fèrè gbé e, ohùn méjèèjì wá jọ gbéra. Wọ́n jọ rìn. Ọ̀kan kò yà. Ó le létí, ó dún bí ohùn àwọn obìnrin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, gbogbo irun ara Olúṣẹ̀san dìde.

Maestro yí orí padà wéré, ó wo ẹnu ọ̀nà.

Olúṣẹ̀san mọ àwọn tó ń ṣọ́ níbẹ̀. Òun náà wò ó, bí ẹni pé wọ́n lè wọlé lóòótọ́, àwọn márààrún ẹ̀yìn tábìlì. Ilẹ̀kùn wà ní pípadé. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Orin ń lọ.

Bàbá náà na ọwọ́ láì wẹ̀yìn, ó wá ọwọ́ Olúṣẹ̀san, ó dì í mú. Ọwọ́ méjèèjì ló ń gbọ̀n, èèyàn kò lè sọ èyí tó ń gbọ̀n ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ ń wo ilẹ̀kùn yẹn títí orin fi dé ibi kejì, títí ohùn méjèèjì fi tún gbéra, tí wọ́n tún jọ lọ, kò sì sẹ́ni tó wọlé.

Nígbà tó kan ibi kẹta, Maestro kọjú sí àwọn olórin.